Ọ̀pá Ìyá Dúró

Bí èébú bá ń sọ ènìyàn di olówó, Ìyá Dúró ì bá ti kọ́ ilé alájà. Àwa awakọ̀ tírélà la ń bù ú fún un lójoojúmọ́, èmi ni mo sì ń ṣáájú. Wọn ò ṣèèṣì pè mí ní Aláròyé. Ẹnu mi kì í sinmi, pàápàá tí mo bá wà nínú ìlà tí kò lọ tí kò bọ̀, tí oòrùn ń ta mí, tí ẹlẹ́rù ń pè mí lórí fóònù bí ẹni pé èmi ni mo gbé èbúté síbi tó wà.

Èbúté wa ń dàgbà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyẹn, inú wọn a sì máa dùn bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gúnlẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì ń tóbi sí i. Wọ́n ti to kireni tuntun sétí òkun, kọ̀ntéénà ti gun orí ara wọn débi tí èèyàn kì í rí òkun mọ́. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ nìkan ni kò dàgbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, tóóró báyìí, láti ayé tí ẹja nìkan ni wọ́n ń kó gba ibẹ̀. Òun ni wọ́n wá ní àwọn fẹ́ sọ di ọ̀nà ńlá, tí tírélà mẹ́ta á máa lọ nígbà kan náà, tí mẹ́ta á máa bọ̀. A yọ̀, a jó. A ò mọ̀ pé kí ọ̀nà tó fẹ̀, yóò kọ́kọ́ fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tó burú jù ni kọ́nà tó yí ẹsẹ̀ òkè ká. Ògiri tí wọ́n fi dí òkun wà lápá kan, wọ́n sì ti wa apá kejì di kòtò. Àyè ọkọ̀ kan péré ló ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá dúró létí ìhín kò lè rí ẹni tó wà létí ọ̀hún. Bí tírélà méjì bá fojú kojú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Kò sí èyí tó lè fi ẹ̀yìn rìn nínú ẹrẹ̀, tòun ti ẹrù, kí kòtò má gbà á.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ẹni méjì ṣọ́ ọ. Bàbá Fèrè, ọkùnrin kúkúrú kan tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, wà létí ìgboro. Ìyá Dúró wà létí èbúté. Pátákó kan wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn: ojú kan pupa, wọ́n kọ DÚRÓ sí i; ojú kejì ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ MÁA LỌ. Ṣùgbọ́n pátákó kọ́ ni ọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀pá ni. Igi lásán ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún lórí àti nídìí. Bí Bàbá Fèrè bá tú ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kẹ́yìn ló máa ń fi ọ̀pá sí. Tí ẹni yẹn bá jáde lọ́dọ̀ Ìyá Dúró, tó na ọ̀pá sí i lójú fèrèsé, ìgbà náà ni màmá mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣófo. Òun náà á wá tú àwa sílẹ̀, á fi ọ̀pá lé ẹni ìkẹyìn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọ̀nà.

Ẹ ó ní ṣé kò sí fóònù ni. Ó wà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, títí mọ́tò fi gbá ẹni tó ṣáájú Bàbá Fèrè lẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti kẹ̀yìn sọ́nà tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, fóòmáànù tó ń darí iṣẹ́ ọ̀nà á gba fóònù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, á tì í mọ́ inú àpótí onírin, á sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò. Ti àwa awakọ̀ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a lè pè létí kejì.

Ìyá Dúró kì í ṣe géńdé obìnrin. Ó tín-ín-rín, ó dúdú, bàtà òjò tí wọ́n fún un tóbi jù ú lọ, àkísà ló fi dí iwájú rẹ̀ kó tó lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ọgbà kọ̀ntéénà ló ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo. Mo wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò lé wa wọlé. Ibùsùn kan, sítóòfù kan, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ tó dì sábẹ́ tábìlì bí ẹni pé ọmọ náà ṣì ń lọ sílé ìwé. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára ògiri, ó fẹ̀yìn ti tírélà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Awakọ̀ bíi tiwa ni. Inú ìlà lójú ọ̀nà yìí kan náà ni àìsàn ọkàn ti kọ lù ú. Wọ́n ké sí ọkọ̀ ọsibítù nígboro, ọkọ̀ ọsibítù sì gbéra. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan tí ìlà ti sú ya kúrò láyè rẹ̀, ó ní kí òun máa lọ. Ẹ sì mọ̀ wá. Bí ẹnì kan bá ti ya ìlà, gbogbo wa la ó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó ń bèèrè ibi tí à ń lọ. Wọ́n lọ ko ọkọ̀ ọsibítù lójú ní kọ́nà. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ọkùnrin yẹn kú sórí ìjókòó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn, ọkọ̀ ọsibítù sì ń ké lókèèrè tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ.

Ìgbà tí ìyá yìí wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ bá wọn pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Ó ní ojú òun ni ọ̀nà yẹn máa parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe le tó. Ọ̀gá kan láti èbúté wá lọ́jọ́ kan, mọ́tò rẹ̀ ń dán, ó yọ orí síta, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ṣá?”

Ìyá Dúró ní, “Mo mọ̀ yín, sà. Ẹni tí kò ní ọ̀pá lọ́wọ́ ni yín.”

A rẹ́rìn-ín títí a fi gbàgbé pé a wà nínú ìlà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kan èmi náà, n kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. “Ọ̀pá dà?” ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀. Bẹ̀ ẹ́, bú u, fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, “Ọ̀pá dà?” ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú un rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Akọ̀wé ni lọ́fíìsì èbúté, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń wa kireni níbẹ̀, Oníkireni la máa ń pè é. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Ìgbà tí oyún wá dúró, Ìyá Dúró sọ fún mi kó tó sọ fún aládùúgbò rẹ̀, èmi tí mo ti bú u láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Aláròyé,” ó ní, “wọ́n á máa pè mí ní ìyá àgbà o.” Láti ìgbà yẹn, bó bá ń dúró de ọ̀pá, òwú funfun á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa hun fìlà ọmọ. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, á na ọwọ́ wọ inú mọ́tò, á fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n bọ́ sórí ìlà bí gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀nà ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Fóòmáànù ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ sípàdé nígboro, kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lápò rẹ̀. Èmi ni mo wà níwájú pátápátá létí èbúté. A rí ọkọ̀ mélòó kan tó jáde láti ọ̀dọ̀ Bàbá Fèrè, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọkọ̀ ò jáde mọ́, ọ̀pá ò sì dé.

Ìyá Dúró dúró. A fọn fèrè títí, ó dúró. Mo yọ orí síta, mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ti gbin ọ̀pá ọ̀hún ni, tí ẹ ń dúró kó hù?” Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ń hun fìlà, ojú rẹ̀ wà ní kọ́nà.

Ìgbà náà ni mọ́tò kékeré kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń gba etí ọ̀nà, àwọn awakọ̀ ń yà fún un. Oníkireni ló ń wà á. Kò tíì ṣí akoto iṣẹ́ lórí. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀.

“Màmá, ẹ yí pátákó! Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ yí i! Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ò dá! Nọ́ọ̀sì èbúté ní agbára òun ò ká a, ọsibítù ńlá ni kí n máa gbé e lọ!”

Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Dúró. Ó sáré ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, mo rí ohun tó rí. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọmọ náà ti yí àwọ̀ padà. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

“Ìyá mi,” ó ní, “bí wọ́n ṣe ní yóò ṣe rí kọ́ nìyí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pàdánù rẹ̀.”

Ọ̀pọ̀ wa la bọ́ sílẹ̀, ariwo sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹnì kan ń pa òwe yìí mọ́ ọn, òmíràn ń bẹ̀ ẹ́, òmíràn ń ṣépè. Èmi náà pariwo. “Màmá, ọmọ yín ni! Ọmọ yín nìyí!”

Ó yíjú sí mi. Omi ti lé rorooro lójú rẹ̀.

“Ọ̀pá dà?” ó ní.

Mo fẹ́ lù ú. N kò parọ́ fún yín, ọwọ́ mi ti gbéra.

“Wo ẹ̀yìn rẹ, Aláròyé,” ó ní. Mo wẹ̀yìn. Àwọn tírélà ti ṣáná. Àwọn kan ti ya ìlà, wọ́n ti to ara wọn ní méjì-méjì, wọ́n ń dúró de kí mọ́tò kékeré yẹn ṣíwájú, kí wọ́n lè tẹ̀ lé e. “Bí mo bá ní kí mọ́tò kan wọlé, ta ni yóò dá ìyókù dúró? Bí tírélà bá sì wà nínú ibẹ̀ ńkọ́? Iwájú á dí, ẹ̀yìn á dí, ọmọ mi á wà láàárín. Bí bàbá rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. N kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ẹ fẹ́ pa á ni!” Oníkireni kígbe. Ó padà sídìí sítíárìn, ó sì gbé mọ́tò síwájú. Ìyá Dúró bọ́ sójú mọ́tò, ojú pupa pátákó kọ sí i. Irin iwájú mọ́tò ti kan orúnkún rẹ̀.

“Tẹ̀ mí kọjá,” ó ní. “Tí o bá ti tẹ̀ mí kọjá, máa lọ.”

Oníkireni gbé orí lé sítíárìn, ó bú sẹ́kún. Ọmọ náà ké láti ìjókòó ẹ̀yìn, igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìyá Dúró wo kọ́nà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Ọkọ̀ ni mo dá dúró,” ó ní. “N kò dá ẹsẹ̀ dúró. Aláròyé, tapólì rẹ dà?”

Mo fi ọ̀bẹ gé tapólì tí mo fi bo ẹrù mi, a ká a ní ìṣẹ́po, a tẹ́ ẹ sílẹ̀. A gbé ọmọ náà lé e. Oníkireni mú orí, awakọ̀ mẹ́ta mú ìyókù. Èmi náà fẹ́ mú un, ṣùgbọ́n Ìyá Dúró ki pátákó bọ̀ mí lọ́wọ́.

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mo máa ń bú yín?”

“Ìwọ gan-an. Ẹnu tìrẹ nìkan ló lè ká wọn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: àfi tí ọ̀pá bá dọ́wọ́ rẹ. Bó tilẹ̀ ṣe èmi fúnra mi ni mo wá bẹ̀ ọ́, àfi tí ọ̀pá bá dọ́wọ́ rẹ.”

Ó he fìlà nínú ẹrẹ̀, ó fi í sápò, ó sì ṣíwájú wọn. Wọ́n wọ kọ́nà, n kò rí wọn mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀, Oníkireni ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó pẹ́. Ó ní àwọn ò tíì rìn jìnnà tí àwọn fi bá tírélà mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra. Èyí tó ṣáájú ti rì sẹ́rẹ̀, katapílà ń fà á, kò tíì jáde. Àyè tó wà láàárín ara tírélà àti ẹnu kòtò kò ju pákó kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi rìn, wọ́n gbé ọmọ náà sókè àyà, Ìyá Dúró ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ tó le níwájú wọn, ó ń sọ pé, “Ibí, ibí, ẹ tẹ ibí.” Ẹrẹ̀ gba bàtà òjò kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò dúró fà á. Oníkireni ní ibẹ̀ lòun ti rí i pé ká ní òun ti gbé mọ́tò wọlé ni, imú tírélà yẹn lòun ì bá lọ kàn. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n rírí tóun rí i ò mú ẹ̀jẹ̀ dá.

Nígbà tí wọ́n ya àwọn tírélà náà tán, wọ́n dé àyè kan tí wọ́n là sápá kan fún àwọn tó ń da kọ́ńkéré. Ọkọ̀ tó ń po kọ́ńkéré wà níbẹ̀, àgbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú rẹ̀.

Ẹ ò gbọ́ mi? Ọ̀pá tí gbogbo ayé ń dúró dè. Ọkọ̀ yìí ló kẹ́yìn àwọn tí Bàbá Fèrè tú sílẹ̀, Bàbá Fèrè sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó fi ọ̀pá lé ẹni tó kẹ́yìn lọ́wọ́. Kò rántí pé ọkọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà kì í dé etí kejì. Àárín ọ̀nà ni ìrìn tirẹ̀ parí sí. Awakọ̀ náà jẹ́ àlejò lẹ́nu iṣẹ́, ó rò pé igi tí wọ́n fi ń wọn kọ́ńkéré ni. Bí àwọn tírélà yẹn ò tilẹ̀ rì, ọ̀pá ì bá má dé ọ̀dọ̀ wa.

Oníkireni ní ìyá ìyàwó òun dún bí ẹni tí wọ́n gún. Kò bú awakọ̀ náà. Ó gba ojú fèrèsé fa ọ̀pá yọ, ó ní, “Ọ̀nà ti di tèmi. Gbé e wọlé, kó o máa lọ sígboro!” Òtítọ́ ni, láti ibẹ̀ dé ìgboro, kò sí ohun kan lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ọmọ náà síwájú ọkọ̀ kọ́ńkéré, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n kọjá lára Bàbá Fèrè. Ó ń fọn fèrè, ó ń na ọwọ́ fún ọ̀pá. Kò sẹ́ni tó rí i.

Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà tèmi, pátákó pupa lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run má fi yín ṣe ẹni tí awakọ̀ tírélà ń bínú sí. Gbogbo èébú tí mo ti fi ṣe ẹ̀bùn fún ìyá yẹn padà wá bá mi, tòun ti èlé. “Bàbá Dúró, ẹ kú iṣẹ́ o!” “Aláròyé, ẹ̀wù iṣẹ́ tìẹ dà?” Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Gíá gbé tírélà rẹ̀ wá títí imú rẹ̀ fi kàn mí láyà. Mo bú u. Mo bú bàbá tó kọ́ ọ ní mọ́tò. Mo bú táyà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò sì mọ̀ bóyá ìyá yẹn tọ̀nà. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ náà lágbárí mi, mò ń sọ lọ́kàn pé tí ọ̀nà yìí bá ṣófo, gbogbo wa la pa á.

Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Tírélà kan yọ ní kọ́nà, ẹrẹ̀ bò ó dé gíláàsì. Èkejì yọ. Ẹ̀kẹta yọ. Wọ́n kọjá lára wa gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Gíá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo mọ́tò kékeré tí Oníkireni fi sílẹ̀ létí ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Mo bi ẹni tó kẹ́yìn pé, “Ọ̀pá dà?”

“Ọ̀pá wo?” ó ní. “Ọkọ̀ kọ́ńkéré wà lẹ́yìn mi.”

Mo dúró. Gíá ní kí òun fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Ìgbà tó fi máa padà, oòrùn ti ń wọ̀. Ó ní ọ̀nà ṣófo láti ìhín dé ọ̀hún, kò sí ẹyẹ kan níbẹ̀.

“Bàbá Fèrè ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀. Ó ní òun náà ń dúró de ọ̀pá.”

Ọ̀nà òfìfo, òmùgọ̀ kan létí ìhín, òmùgọ̀ kan létí ọ̀hún. Mo ti ń wò ó pé kí n yí pátákó, bí ohun gbogbo bá bàjẹ́ kó bàjẹ́, nígbà tí mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ ní kọ́nà. Ó ń tiro. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò lè dúró kó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sáré pàdé rẹ̀.

“Màmá, ọmọ yín ńkọ́?”

“Ó wà láàyè.”

“Ẹ ṣeun, Olúwa! Ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́?”

Ó na ọ̀pá sí mi. N kò gbà á.

“Mo gbé e lọ,” ó ní. “Mo gbé ọ̀pá lọ sí ọsibítù, n kò mọ̀. Mo ti ọ̀nà mọ́ gbogbo yín. Ìgbà tí wọ́n di ọmọ náà wá, tí nọ́ọ̀sì ní kí n gbà á kí n wojú rẹ̀, mo na ọwọ́, mo wá rí i pé ọwọ́ mi ò ṣófo.” Ó wo ọ̀pá náà. “Ọkùnrin ni. Kò ké rárá. Mo fi fìlà yẹn dé e, tòun ti ẹrẹ̀. Dókítà ní ká ní a tètè dé díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ló wí.”

Mo sunkún. N kò ní fi pa mọ́ fún yín, mo sunkún níwájú gbogbo awakọ̀. Ìyá yẹn ò sunkún. Ó gba pátákó lọ́wọ́ mi.

“Màmá, ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá wọn dúró.”

“Ó ní òun ò tíì fẹ́ rí mi,” ó ní. “Gun ọkọ̀ rẹ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíì wà nínú ìlà yìí.” Ó sì yí pátákó sí MÁA LỌ.

Mo wa tírélà mi kọjá lára rẹ̀.

Wọ́n parí ọ̀nà náà. Ó dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n dí kòtò, wọ́n gé ẹsẹ̀ òkè kúrò, kọ́nà di ọ̀nà gbọọrọ. Wọ́n mú Bàbá Fèrè ṣe ọlọ́dẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹrù. Ìyá Dúró ní òun ò fẹ́ ẹnu ọ̀nà kankan mọ́. Ọmọ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó máa ń yà kí ìyá rẹ̀, á kúnlẹ̀, á bèèrè àlàáfíà, á lọ. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Oníkireni ti sọ fún un pé òun fojú òun rí tírélà mẹ́ta nínú ẹrẹ̀. Ọmọ náà ní òun gbọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ìyá òun tọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi dandan lé e pé kí inú òun yọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Dúró dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà èbúté. Ó wọ bàtà gidi. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà, òun ò tíì gùn ún rí, ṣé mo lè gbé òun gba ibẹ̀ kọjá. Mo bá a ṣílẹ̀kùn, mo fà á gòkè. Ó jókòó, ó di ọwọ́ ìjókòó mú ṣinṣin, ó ń wo iwájú.

Táyà ò tilẹ̀ pariwo. Mò ń wa ọkọ̀ lọ wẹ́rẹ́, ọkọ̀ ń ya wá, àwa náà ń ya àwọn mìíràn.

“Sọ fún mi tá a bá fẹ́ dé kọ́nà,” ó ní.

“A ti kọjá rẹ̀, Màmá.”

Ó yíjú padà wo ẹ̀yìn. “Nígbà wo?”

“Ìsinsìnyí tí ẹ ń tún ìró yín dì.”

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wà lókè.

“Ṣé ó tán nìyẹn?” ó ní. “Ibi tí kò jìn báyìí?”

“Ó tán nìyẹn, Màmá.”

Ìgbà náà ló wá sunkún. Ó sunkún bí n kò ṣe rí àgbàlagbà sunkún rí. Ìgbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú.

“Yí padà,” ó ní. “Gbà mí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó o rọra.”

Mo yí padà níbi tí wọ́n ti ń yí i. Mo rọra, mò ń wa tírélà bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, kí ó lè wo gbogbo rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè, wọ́n ń yọ orí síta, wọ́n ń bú ìyá wa, wọ́n ń bú bàbá wa. N kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.